Lẹ́tà ṣíṣí sí Àjọ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé: Ẹ wá kó ẹrù Erin tó ń fò kó tó run

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Àjọ Ìjọba Àpapọ̀ tó ń rí sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé àti Ohun Ìrántí,
Àbújá.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Olùkọ́ ìtàn ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Máfólúkù ní Òṣòdì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, níbi tí bàálù ti ń gba orí òrùlé wa kọjá tọ̀sán-tòru, tí a ó pa ẹnu mọ́ títí yóò fi kọjá tán, ká tó máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ. Mi ò kọ lẹ́tà sí ìjọba rí. Páálí kan tí wọ́n fà jáde lábẹ́ ibùsùn níṣojú mi lóṣù tó kọjá ló mú mi kọ èyí.

Bàbá tó ni páálí náà ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Mẹkáníìkì bàálù ni wọ́n ní Nigeria Airways, ilé iṣẹ́ bàálù ìjọba wa àtijọ́, tó fi erin tó ní ìyẹ́ ṣe àmì. Ọmọ wọn ni àbúrò mi fẹ́, mo sì lọ kí wọn. Ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ bàálù tuntun tí ìjọba ń sọ pé àwọn fẹ́ dá sílẹ̀ ni Bàbá ti dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fa páálí mílíìkì kan jáde. Ìyá ní, "Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Eku lásán ni nǹkan yìí ń kó wá bá wa." Bàbá ò dá wọn lóhùn. Wọ́n yọ aṣọ iṣẹ́ kan tó ti ṣá, àmì erin tó ní ìyẹ́ ṣì wà ní àyà rẹ̀. Wọ́n yọ fọ́tò: àwọn ọkùnrin márùn-ún lórí àkàbà gíga, orí wọn wọnú ẹ́ńjìnnì tó wà nídìí ìrù bàálù, ẹsẹ̀ nìkan là ń rí. Wọ́n wáá yọ ìwé kan tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ, látòkè délẹ̀: ọjọ́, nọ́mbà bàálù, ohun tó ṣe é, ohun tí wọ́n ṣe sí i.

Mo ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. 5N-ANN ń jáde léraléra. Mo ní, "Bàbá, ta ni ANN?" Ẹ̀rín sọ lẹ́nu wọn. Wọ́n ní, "November November nìyẹn. DC-10 wa. Tó bá ti ń bọ̀ lókèèrè, n ó ti mọ ohùn rẹ̀." Bí ẹni ń pe àbíkẹ́yìn wọn ni wọ́n ṣe pe orúkọ náà. Àbàwọ́n epo ẹ́ńjìnnì wà lára ìwé yẹn títí dòní. Kòkòrò sì ti jẹ etí rẹ̀ kan. Ojú ewé mẹ́ta wà tí ọjọ́ tó wà lórí wọn ti lọ.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni, mo kó ọmọ ilé-ìwé lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkàn lọ wo iṣẹ́ ọnà àwọn baba wa, inú mi sì dùn sí i. Mi ò ríbì kan kó wọn lọ kí wọ́n fojú rí irú ohun tó wà nínú páálí yẹn. Ẹ̀bẹ̀ tí mo wá bẹ̀ yín kò ju ọ̀kan lọ: ẹ bá wa kó ẹrù Nigeria Airways jọ síbì kan, nígbà tí àwọn tó fọwọ́ kan án ṣì ń mí.

Àwọn ọ̀dọ́ rò pé ilé iṣẹ́ tó jí owó tó sì kú ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀, ìtàn náà ti pẹ́ ju òmìnira lọ. Ní 1946 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá West African Airways Corporation sílẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní WAAC, fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Èkó ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Bàálù kéékèèké bíi Dove ló fi ń ná ìlú sí ìlú. Nígbà tí Gold Coast di Ghana ní 1957, Ghana lóun fẹ́ ní tòun, ìdàpọ̀ náà sì tú. Nàìjíríà náà dá tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní WAAC Nigeria, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá, 1958. Ẹ wo ọjọ́ yẹn dáadáa: ọdún méjì gééré ló kù ká gba òmìnira. A ti ní bàálù tiwa ká tó ní àsíá tiwa.

Tiwa náà kò tíì jẹ́ tiwa pátápátá ṣá. Bàálù Stratocruiser tó jẹ́ ti BOAC, ilé iṣẹ́ bàálù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ló fò láti London wá sí Èkó lọ́jọ́ yẹn lórúkọ wa. Ìpín 51 nínú 100 ni ìjọba Nàìjíríà ní; BOAC àti Elder Dempster, àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi, ló pín ìyókù. Ní 1961 ni ìjọba ra ìpín wọn, tí gbogbo rẹ̀ wáá bọ́ sọ́wọ́ wa. Orúkọ WAAC ṣì wà lára rẹ̀ títí di 1971 tó di Nigeria Airways.

Ẹ jẹ́ kí n ka àwọn bàálù náà bí ẹní ń ki oríkì, nítorí bí Bàbá ṣe kà wọ́n fún mi nìyẹn. DC-3 ló ń sá káàkiri ilé láyé àtijọ́. Ní 1963 ni Fokker F27 dé, apá rẹ̀ wà lókè orí, ẹ́ńjìnnì méjì rẹ̀ ń yí abẹ̀bẹ̀ lábẹ́ apá, òun ló gba iṣẹ́ abẹ́lé. VC10 dé ní 1969, ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló tò sí ìdí rẹ̀, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Boeing 707 tẹ̀ lé e ní 1971. Fokker F28 náà dé láàárín àwọn ọdún yẹn, kékeré tó gbóná, Bàbá ní ó máa ń balẹ̀ síbi tí àwọn ńlá kò lè dé. DC-10 dé ní 1976. Nígbà tí 1980 kọjá, Boeing 737 pọ̀ sí i, Airbus A310 mẹ́rin sì dé tẹ̀ lé wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí òkè yẹn, nǹkan bí 30 bàálù ló wà lọ́wọ́ wa.

N ó dúró díẹ̀ lórí DC-10. Ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ló ní, méjì lábẹ́ apá, ọ̀kan nínú ìrù lókè réré, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn inú fọ́tò Bàbá fi gun àkàbà bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ McDonnell Douglas kọ́ 446 rẹ̀ ní Long Beach ní California, bí a bá ka ti àwọn ológun Amẹ́ríkà mọ́ ọn. Èyí tó ṣe ìkẹyìn pátápátá nínú gbogbo rẹ̀, ta ni wọ́n gbé e fún? Nàìjíríà. Oṣù keje, 1989. Lẹ́yìn tiwa, wọn ò kọ́ òmíràn mọ́. Ká ní orílẹ̀-èdè mìíràn ló ni irú nǹkan báyìí ni, àwòrán rẹ̀ ìbá ti wà lára sítáǹbù. Ní tiwa, mo bi àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi méje, kò sí ọ̀kan tó gbọ́ ọ rí.

Ní 1977 mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Àǹtí mi ń lọ sí London lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Gbogbo ilé ló sìn wọ́n dé pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, títí kan ìyá wa àgbà tí wọ́n ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Èlùbọ́ wà nínú ẹrù, ẹja gbígbẹ wà níbẹ̀, ata gígún tí wọ́n fi ọ̀rá mẹ́ta we wà níbẹ̀. Báàgì aláwọ̀ ewé kan wà léjìká Àǹtí, erin tó ní ìyẹ́ wà lára rẹ̀. Ìyá àgbà na ọwọ́, wọ́n fi àtàǹpàkò ra erin náà jẹ́jẹ́. Wọ́n ní, "Ṣé erin yìí ló máa gbé ọmọ mi kọjá òkun?" Àǹtí ní, "Òun ni, Ìyá." Ìyá àgbà wo ojú ọ̀run, wọ́n ní, "Kó má ṣe rẹ̀ ẹ́ lọ́nà o. Erin, kó má ṣe rẹ̀ ọ́ lọ́nà." Ilẹ̀ ti ṣú kí bàálù náà tó gbéra. Ìmọ́lẹ̀ pupa kékeré lára rẹ̀ la wò títí kò fi sí mọ́. Ìyá àgbà kò kúrò níbi tí wọ́n dúró sí. Wọ́n lóhùn rẹ̀ ṣì ń dún létí àwọn.

Ó rẹ̀ ẹ́ lọ́nà nígbà mìíràn. Ìyẹn náà gbọ́dọ̀ wọ inú mùsíọ́mù tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àwòrán arẹwà nìkan ló yẹ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 20, oṣù kọkànlá, 1969, VC10 tó ń bọ̀ láti London, tó gba Róòmù àti Kánò, já lu igi nígbà tó ń sún mọ́ Ìkẹjà. Gbogbo ẹni 87 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Kò tíì ju oṣù díẹ̀ lọ tí a rà á lọ́wọ́ BOAC. Ní oṣù kìíní, 1973, àwọn onímẹ́kà tó ń ti ilẹ̀ mímọ́ bọ̀ jóná ní Kánò, ẹni 176. Ti Jọ́dánì ni 707 yẹn, àwa la háyà rẹ̀. Ní Enugu ní 1983, F28, ẹni 53. Ní Kàdúná ní 1995, 737, ẹni 11.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ọjọ́ 11, oṣù keje, 1991, ní Jẹ́dà. DC-8 ni bàálù náà, ilé iṣẹ́ Kánádà kan ló ni ín, orúkọ Nigeria Airways ló sì fi ń fò. Sókótó ló ń kó àwọn alálàájì lọ. Afẹ́fẹ́ inú táyà rẹ̀ méjì kò tó, wọ́n sì jẹ́ kó gbéra bẹ́ẹ̀. Táyà gbóná lórí títì, ó fọ́, iná mú, wọ́n ká ẹsẹ̀ bàálù wọlé pẹ̀lú iná náà nínú. Ẹni 261 ló ṣòfò. Nígbà tí mo ka ìtàn yìí fún Bàbá, wọ́n mi orí títí. Wọ́n ní, "Afẹ́fẹ́ táyà. Iṣẹ́ tí ọmọ iṣẹ́ máa ń fi òwúrọ̀ ṣe." Wọn ò sọ nǹkan mìíràn fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ní Ìlọrin ni ANR, DC-10 tó ṣìkejì ANN, parí sí. Ọjọ́ 10, oṣù kìíní, 1987 ni. Wọ́n ń fi í kọ́ àwọn awakọ̀ níṣẹ́, ó ń balẹ̀, ó ń gbéra, ó tún ń balẹ̀, títí ó fi sáré kọjá títì tó sì gbiná. Kò sẹ́ni tó kú, a dúpẹ́. Nínú ìwé Bàbá, wọ́n fi bírò pupa fa ìlà kan sábẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kẹ́yìn lára ANR. Látibẹ̀ lọ, nọ́mbà náà kò jáde mọ́.

Ìtàn òṣèlú wa pàápàá gun bàálù yìí. Ní ọjọ́ 25, oṣù kẹwàá, 1993, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin já A310 tó ń ti Èkó lọ sí Àbújá gbà, wọ́n darí rẹ̀ sí Niamey ní orílẹ̀-èdè Niger, nítorí ìbò June 12 tí wọ́n fagi lé. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ Niger ya wọ inú rẹ̀, òṣìṣẹ́ inú bàálù kan bá ìjà náà lọ. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní June 12. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan tó jí lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tí kò dìbò fún ẹnikẹ́ni nínú bàálù, wà lára àwọn tó san owó rẹ̀.

Báwo ló ṣe wáá kú? Àwọn àgbà ní ọjọ́ tí erin bá kú là ń rí oríṣìíríṣìí ọ̀bẹ. Ní ti erin yìí, ọ̀bẹ ti jáde kó tó kú. Àwọn òṣìṣẹ́ pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, àwọn alágbára ń wọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, gbèsè ń gun orí gbèsè, bàálù tó bá bàjẹ́ ni wọ́n ń tú jẹ kí òmíràn lè fò. Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí Adájọ́ Obiora Nwazota darí tú àṣírí àwọn ọdún 1983 sí 1999. Nígbà tí ìjọba Ọbásanjọ́ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 2003, nínú nǹkan bí 30 tó wà nígbà kan, ọ̀kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀ ló ṣì ń fò. Ọdún 15 kọjá, ó di 2018, kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í san ẹ̀tọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti sùn kó tó kàn wọ́n. Mo fẹ́ kí àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀ yẹn wà nínú gíláàsì níbi tí àwọn ọmọ yóò ti lè kà á, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò àwọn ọkùnrin tó wà lórí àkàbà. Ìtàn ẹni tó tún un ṣe àti ìtàn ẹni tó jẹ ẹ́, ibì kan náà ló yẹ kí wọ́n wà.

Ẹ má sọ pé bàálù tóbi jù fún mùsíọ́mù. Àjọ yín fúnra yín ló ń tọ́jú ti ogun ní Umuahia, níbi tí bàálù ológun wà níta gbangba tí èèyàn ń fọwọ́ kàn án. Ní Èbúté Mẹ́tà, àwọn aráàlú tó fẹ́ràn ohun àtijọ́ ló tún Jaekel House ṣe nínú ọgbà rélùwéè, tí wọ́n kó ohun ìrántí ọkọ̀ ojú irin síbẹ̀. Àwọn ará Ghana tí a jọ ya WAAC sọ́tọ̀ náà ti ṣe díẹ̀: DC-10 Ghana Airways kan wà nítòsí pápákọ̀ Kotoka ní Accra, wọ́n sọ ọ́ di ilé oúnjẹ. Àwọn kan lè ní oúnjẹ kọ́ ni wọ́n fi ń tọ́jú ìtàn. Ọmọ tó bá jẹun nínú rẹ̀ ṣáà ti mọ̀ pé ìlú òun ní DC-10 rí.

Tí a ò bá rí odindi, ẹ wá ìrù kan, ẹ wá ìjókòó, ẹ wá ẹ́ńjìnnì kan tó ti kú tí ọmọdé lè yọjú wo inú rẹ̀. Ẹ fi bébà rọ àwọn tó ń gé àwọn àtijọ́ ní pápákọ̀, pé kí wọ́n ké sí yín kí wọ́n tó yọ ayùn. Ẹ to nọ́mbà gbogbo bàálù tó gbé àsíá wa, láti Dove dé A310, ibi tí ó ti wá àti ibi tó parí sí. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó kú sára ògiri, lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe kò ná yín lówó púpọ̀: ẹ rán ọ̀dọ́ méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀. Kí wọ́n lọ bá àwọn awakọ̀, àwọn mẹkáníìkì, àwọn obìnrin tó ń gbé oúnjẹ nínú bàálù, àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní Kánò, Èkó, Enugu àti Ìlọrin. Kí wọ́n jẹ́ kí oníkálukú sọ ọ́ lédè abínibí rẹ̀. Mo gbọ́ bí Bàbá ṣe ń sọ ọ́ ní Yorùbá. Wọ́n ní bí wọ́n bá fi ọwọ́ kan ara ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn tó balẹ̀ láti London, ó máa ń "gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀". Ìwé Gẹ̀ẹ́sì wo ni n ó ti ka ìyẹn?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, á bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé àrọ́bá gan-an ń tán lọ. Nínú àwọn márùn-ún tó wà lórí àkàbà nínú fọ́tò yẹn, Bàbá nìkan ló kù.

Mo mọ̀ pé ọkàn ìjọba wà lórí tuntun. Virgin Nigeria dé ní 2005, ó pààrọ̀ orúkọ lẹ́ẹ̀mejì, ó sinmi ní 2012. Wọ́n fi àmì Nigeria Air hàn wá ní 2018, wọ́n dá a dúró lọ́dún kan náà. Ní oṣù karùn-ún, 2023, 737 kan tí wọ́n kun ní àwọ̀ rẹ̀ balẹ̀ sí Àbújá, ti Ethiopia ni, ó sì padà sílé rẹ̀. Ìrètí mi ni pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òmíràn tí a lè pè ní tiwa yóò gbéra. Àwọn tó máa ṣètò rẹ̀ nílò ìwé Bàbá ju èmi lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa rí i, láti ojú ewé dé ojú ewé, bí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lára ANN lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe di ti oṣooṣù, tó wáá di "kò sí ẹ̀yà ara, a ń dúró".

Mo ti bá Bàbá sọ ọ́, wọ́n gbà. Wọ́n ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ló rọ àwọn lọ́rùn, kí oòrùn tó mú. Ìyá náà ní òun ò ní da páálí náà nù títí ẹ ó fi dé. Kí ẹni tí ẹ bá máa rán jọ̀ọ́ gbé àpótí tó ní ìdérí dání, nítorí ìdí páálí yẹn ti ń já, ọwọ́ méjèèjì ni Bàbá fi ń gbé e báyìí.

Èmi ni,
Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì,
Máfólúkù, Òṣòdì, Èkó.